Òrùlé Tó Ń Pèsè Iná: Sólà Lórí Afárá Ẹlẹ́sẹ̀ Láàárín Ìgboro

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè fi sólà kún afárá tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá títì láàárín ìgboro. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti mú bírò dání, wọ́n ń retí iye wọ́ọ̀tì àti iye owó. A óò débẹ̀. Oòrùn tó ń di iná ni wọ́n ní kí n sọ, ṣùgbọ́n oòrùn tó ń pa ẹlẹ́sẹ̀ lórí ni n ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí àwọn méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀ tó bá di ọ̀rọ̀ afárá.

Ẹ wo títì Ìkòròdú l'Ékòó. Láti Fádéyì lọ sí Onípanu, sí Palmgrove, títí dé apá Ojóta, afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ọkọ̀ ń sáré lábẹ́ wọn ní àlọ àti àbọ̀, bọ́ọ̀sì BRT náà sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin, ẹ ó rí ìyá arúgbó, tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa fo irin àárín títì. Ìjọba ń mú wọn, ilé ẹjọ́ ń bu owó ìtanràn lé wọn, àwọn oníwèé ìròyìn ń bá wọn wí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó yẹ ká béèrè ohun tó mú kí ènìyàn tórí ẹ̀ pé fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nígbà tí afárá ń bẹ lókè orí rẹ̀.

Ẹ gun afárá náà ní aago kan ọ̀sán kí ẹ wò ó. Ọkọ̀ akẹ́rù gbọ́dọ̀ ráyè kọjá lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà ibi tí èrò máa tẹ̀ lórí rẹ̀ yóò ga ju mítà 5 àbọ̀ lọ sí ojú títì. Àtẹ̀gùn tó máa gbéni débẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Obìnrin tó pọn ọmọ, tó sì ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì, yóò gun gbogbo rẹ̀. Tó bá dókè, kò sí òrùlé. Kọnkéré tó ti ń gba oòrùn láti àárọ̀ ń tú ooru sókè sí i lẹ́sẹ̀, oòrùn fúnra rẹ̀ wà lókè orí. Tó bá jẹ́ inú oṣù kẹfà ni, òjò ló máa ká a mọ́ ibẹ̀, kò sì ní ibi tó máa sá sí. Tí ilẹ̀ bá ṣú, iná kò sí, kò sì lè mọ̀ bóyá èrò ni ẹni tó dúró ní ìkangun lọ́hùn-ún tàbí jàgùdà. Ẹni tó bá ro gbogbo èyí tó wá sáré sọdá nísàlẹ̀ kò ṣe ohun tó dáa, àmọ́ kò ṣe é láìnídìí.

Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: pánẹ́ẹ̀lì sólà tí a bá gbé sórí afárá ẹlẹ́sẹ̀, òrùlé ni kó kọ́kọ́ jẹ́ kó tó jẹ́ ẹ̀rọ iná. Bí a bá to pánẹ́ẹ̀lì sórí afárá tí àwọn tó ń gbà á kọjá ṣì ń fi páálí bo orí, owó la fi ṣòfò. Tó bá jẹ́ iná nìkan la ń wá, ẹ jẹ́ ká lọ to pánẹ́ẹ̀lì sórí báńkì tàbí ọjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Iṣẹ́ ibẹ̀ á rọrùn, owó rẹ̀ á sì mọ níwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2009 ni wọ́n ṣí afárá Kurilpa sílẹ̀ ní ìlú Brisbane, ní ìpínlẹ̀ Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Odò Brisbane ni afárá náà ré kọjá, ó gùn ní mítà 470, ó sì so àárín gbùngbùn ìlú mọ́ apá gúúsù, níbi tí ilé àwòrán àti ilé ìkàwé ìjọba wà. Ilé iṣẹ́ ayàwòrán Cox Rayner àti àwọn ẹnjiníà Arup ni wọ́n jọ ṣe àwòrán rẹ̀. Mílíọ̀nù 63 dọ́là Ọsirélíà ló ná wọn. Kò sí mọ́tò tó ń gba orí rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ló ni ín.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé iṣẹ́ kò tíì parí níbẹ̀. Òpó irin fì sọ́tùn-ún, òmíràn fì sósì, ọ̀pá irin wà lójú òfuurufú tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, okùn irin tó nà gbọnrangandan ló sì di gbogbo wọn mú. Tensegrity ni àwọn ẹnjiníà ń pe irú ìgbékalẹ̀ yìí: okùn ń fà, ọ̀pá ń tì, fífà àti títì yẹn sì ni kò jẹ́ kí nǹkan kan ṣubú. Nínú ìgbékalẹ̀ kan náà yìí ni wọ́n ti rí ibi tí wọ́n gbé òrùlé kọ́ sí, tó ń bo àwọn èrò láti ìkangun kan dé èkejì. Wọn kò kọ́ afárá tán kí wọ́n tó wá rántí pé oòrùn Queensland mú.

Pánẹ́ẹ̀lì 84 ló wà lára afárá náà. Ní ìpíndọ́gba, wọ́n ń mú yúníìtì iná tó lé díẹ̀ ní 100 wá lóòjọ́, nǹkan bí 38,000 lọ́dún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra káàdì iná mọ ohun tí yúníìtì 100 lè ṣe nínú ilé. Ní alẹ́ tí wọ́n bá tan gbogbo gílóòbù LED tó wà lára afárá náà, tó ń yí àwọ̀ padà fún ẹ̀ṣọ́, sólà ń gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná tí wọ́n ń lò. Ní alẹ́ tí wọn kò bá ṣe fáàrí, sólà lè gbé gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n ń dá a padà sínú wáyà iná ìlú. Wáyà ìlú wọn dúró sán-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè kó iná fún un lọ́sàn-án kí wọ́n sì gba tirẹ̀ lóru. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a óò padà sí i nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ilé wa.

Lọ́dún 2011, afárá náà gba ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ ìrìnnà níbi àjọ̀dún àwọn ayàwòrán ilé. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni mò ń pín máàkì, n kò ní torí iná aláwọ̀ mèremère yẹn fún wọn ní nǹkan kan. Ibi tí n ó ti fún wọn ni pé pánẹ́ẹ̀lì, òrùlé, iná àti okùn irin jọ wà lórí bébà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Pánẹ́ẹ̀lì 84 kò pọ̀. Àwọn ilé ìjọsìn kan níbí ní jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí páànù wọn.

London náà ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afárá reluwé ni. Afárá Blackfriars, ọdún 1886 ni wọ́n kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ó lé sẹ́yìn, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ sórí rẹ̀ láti etí odò Thames kan dé èkejì, kí èrò lè wọ ọkọ̀ láti bèbè tó bá wù ú. Ibùdókọ̀ gbọ́dọ̀ ní òrùlé, nítorí òjò ìlú náà kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni. Òrùlé yẹn ni wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì 4,400 sí, tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 6,000, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwọ́ọ̀tì 1.1. Oṣù kìíní ọdún 2014 ni wọ́n parí rẹ̀. Nǹkan bí yúníìtì 900,000 ni wọ́n retí lọ́dún, tó tó ìdajì iná tí ibùdókọ̀ náà ń lò. Àwọn tó ni reluwé ní iná ọjọ́ kan tó láti fi se ife tíì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 80,000. Òyìnbó ni, tíì ni wọ́n fi ń wọn nǹkan.

Ẹ ṣe ìṣirò yẹn dáadáa. Kìlówọ́ọ̀tì kan pánẹ́ẹ̀lì ní Blackfriars kò mú ju nǹkan bí yúníìtì 800 wá lọ́dún. L'Ékòó, kìlówọ́ọ̀tì kan náà lè mú ju 1,200 wá. Èkó gan-an kò sí lára ibi tí oòrùn ti dáa jù ní Nàìjíríà, nítorí ìkùukùu òkun kì í jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kánò àti Ṣókótó fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Síbẹ̀, Èkó tí ìkùukùu bò ju London tó ṣe àṣeyọrí lọ dáadáa. Ẹni tó bá sọ pé oòrùn wa kò tó, kó wá àwáwí mìíràn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi pánẹ́ẹ̀lì ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn àti ọkọ̀ ń tẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ìjọba Faransé ṣí títì sólà kan ní Tourouvre-au-Perche, ní Normandy, kìlómítà kan gbáko, tó ná mílíọ̀nù 5 yúrò. Ewé igi bò ó, taya katakata àwọn àgbẹ̀ bà á jẹ́, ariwo tí ọkọ̀ ń pa lórí rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ní kí awakọ̀ dín eré kù sí kìlómítà 70 ní wákàtí kan, iná tó sì mú wá kò dé ibi tí wọ́n fojú sùn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi hú apá kan rẹ̀ kúrò. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Pánẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kò lè fì láti rí oòrùn, ìdọ̀tí gbogbo ayé ló ń bà lé e, kò sì bo ẹnikẹ́ni lórí. Àwọn ará Kòríà ṣe tiwọn dáa jù: láàárín ìlú Daejeon àti Sejong, wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì sókè lórí òpó, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láàárín títì márosẹ̀. Ariwo mọ́tò tó wà lọ́tùn-ún lósì wọn kò tuni lára, ṣùgbọ́n ìbòòji wà.

Ó ku bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1954 tí àwọn onímọ̀ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣe sẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nì àkọ́kọ́ tó wúlò, nǹkan bí ìdá 6 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bà á ló ń sọ di iná. Tòní ti lé ní 20. Ìyẹn ló jẹ́ kí afárá tí kò fẹ̀ ju mítà 3 lọ di ibi tó tó ọ̀rọ̀ sọ. Mítà onígun mẹ́rin kan lè gbé nǹkan bí 200 wọ́ọ̀tì nígbà tí oòrùn bá mú dáadáa. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, kò fẹ́ràn ooru. Bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá lé ń gba nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páànù ilé lè gbóná dé 60 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 14 ti lọ nìyẹn. Afárá ní àǹfààní tí ilé kò ní: abẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yí i ká. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ òrùlé fúnra rẹ̀, tí kò sí páànù kankan lábẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ á tutù díẹ̀, ẹ ó sì fi owó páànù pa mọ́. Pánẹ́ẹ̀lì onígíláàsì méjì ni mo fẹ́ràn fún irú iṣẹ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń gba àárín sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọjá, abẹ́ rẹ̀ kì í ṣókùnkùn biribiri lọ́sàn-án.

Òjìji ni ọ̀tá rẹ̀ kejì, ibi yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ayàwòrán ti tẹ́tí sí mi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú pánẹ́ẹ̀lì dà bí àwọn tó tò láti odò dé ilé, tí wọ́n ń na korobá omi síra wọn: bí ẹnì kan bá dáwọ́ dúró, gbogbo ìlà ló dúró dè é. Àwọn tó ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì ti fi dáódù sí i kí iná lè yà gba ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n bí dáódù bá ti yà á, ìdá kan nínú mẹ́ta pánẹ́ẹ̀lì ti jókòó nìyẹn. Kí ló ń ṣíji bo afárá ẹlẹ́sẹ̀ l'Ékòó? Pátákó ìpolówó ni. Ẹ wo afárá èyíkéyìí tó bá ní èrò dáadáa, ẹ ó rí pátákó ìpolówó ọtí, ti báńkì, ti olóṣèlú, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọwọ́ irin títí sókè. Mo mọ̀ pé ó ń mówó wọlé fún ìjọba. N kò ní kí wọ́n yọ ọ́. Kó má ṣáà ga ju etí òrùlé lọ, kó sì fi àlàfo sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè. Afárá tí pátákó bò pa, ibẹ̀ ni jàgùdà fẹ́ràn.

Ẹnì kan á ní ibo ló yẹ kí pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí. Ní Brisbane, àríwá ni. Ní London, gúúsù ni. L'Ékòó, ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe pàtàkì, nítorí oòrùn ọ̀sán ń kọjá lókè orí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Kí pánẹ́ẹ̀lì fì díẹ̀, ìwọ̀n 10 péré, ti tó, ìdí tó sì fi gbọ́dọ̀ fì ni kí òjò lè fọ eruku rẹ̀ dànù. Omi tó bá ṣàn kúrò lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú gọ́tà, kó gba páìpù ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, kó má dà sórí gíláàsì iwájú dáńfó tó ń sáré bọ̀. Nínú ọyẹ́, òjò kì í rọ̀, eruku ọyẹ́ á pàdé èéfín dísù tó ń ti títì bọ̀, wọ́n á di ohun tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ gíláàsì. Fífọ̀ ni ìyẹn ń fẹ́, pẹ̀lú omi àti búrọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, àwòrán afárá gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tóóró tí òṣìṣẹ́ lè tò kọjá lórí òrùlé, pẹ̀lú irin tó máa so okùn ìdábòbò rẹ̀ mọ́. Ohun tí kò sí lórí àwòrán, ẹnikẹ́ni kì í padà wá ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wá mú afárá kan tí kò tíì sí láyé, tó gùn ní mítà 60, tó fẹ̀ ní mítà 3. Mítà onígun mẹ́rin 180 nìyẹn. Ká yọ ọ̀nà òṣìṣẹ́ àti àlàfo kúrò, ká lo 150. Ìyẹn á gbé kìlówọ́ọ̀tì 30. Ní ìwọ̀n oòrùn Èkó, nǹkan bí yúníìtì 100 lóòjọ́ ló máa mú wá, tí a bá pa oṣù tó dáa pọ̀ mọ́ oṣù tí kò dáa. Gílóòbù LED 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 20 wọ́ọ̀tì, tó tàn fún wákàtí 12, kò jẹ tó yúníìtì 10. Yúníìtì 90 ló ṣẹ́ kù yìí, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà.

Èrò tèmi ni pé ibùdókọ̀ BRT tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí i. Láti oṣù kẹta ọdún 2008 tí BRT ti bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS, àwọn èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá títì Ìkòròdú ló ń lọ tò síbẹ̀. Iná, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi káàdì kàn, fáànù fún ẹni tó jókòó síbi tíkẹ́ẹ̀tì: gbogbo rẹ̀ kò jẹ púpọ̀. Lẹ́yìn èyí ló kan ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn. Àwọn kan á sáré dábàá lífíìtì. Lífíìtì dáa, sólà sì lè gbé e, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iye lífíìtì tó ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé ìjọba wa. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà gòkè, ẹ fi òrùlé pánẹ́ẹ̀lì bo òun náà. Ilẹ̀ tó máa gbà pọ̀, ṣùgbọ́n òrùlé tuntun yẹn á tún mú iná wá. Kí lífíìtì wá lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ bá wà.

Tí iná bá tún kù, kí wọ́n tà á fún àwọn onísọ́ọ̀bù abẹ́ afárá tí jẹnẹrétọ̀ kéékèèké wọn ń dún lójoojúmọ́. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti ṣètò iná tirẹ̀, nítorí náà kò sí pé à ń dúró de Àbújá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún àwọn oníbàárà Band A, àwọn tí wákàtí iná wọn pọ̀ jù, láti nǹkan bí 68 náírà sókè sí 225, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ká tilẹ̀ ṣírò tiwa ní 200 náírà: bí a bá tilẹ̀ ta gbogbo yúníìtì 90 náà lóòjọ́, 18,000 náírà ló máa mú wá, ó lé ní mílíọ̀nù 6 àbọ̀ lọ́dún. Owó yẹn kò lè kọ́ afárá, ẹ má jẹ́ kí kọngílá kankan tàn yín. Ó lè san owó ẹni tó ń fọ pánẹ́ẹ̀lì, kó sì kó owó bátìrì tuntun jọ de ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kú. Fún mi, ìyẹn ti tó.

Bátìrì yẹn ni ibi tí a ti yàtọ̀ sí Brisbane. Wáyà ìlú tiwa kò ṣeé fi iná pa mọ́ sí. Iná òru afárá wa gbọ́dọ̀ wà nínú bátìrì, kó sì tó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí òjò bá wọlé tí kò dá: nǹkan bí yúníìtì 30. Bátìrì lithium ni mo máa mú, ti olómi kì í fara da ooru àti ìlò ojoojúmọ́ pẹ́ títí. Gbogbo wa la sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bátìrì ọ̀pọ̀ iná sólà ẹ̀bá títì. Wọ́n gbé e sínú àpótí tín-ín-rín lórí òpó, ẹni tó ní sípánà àti àkàbà lè gbé e lọ lóru. Abẹ́ àtẹ̀gùn afárá ṣófo, ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ni. Ẹ fi kọnkéré mọ ọ́n di yàrá kan, ẹ fún un ní ilẹ̀kùn irin àti ihò atẹ́gùn tí àwọ̀n irin bò, kí bátìrì àti ínfátà gbé ibẹ̀. Ìdọ̀tí á lọ, bátìrì á tutù, olè á sì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe lójú gbogbo èrò.

Ẹ̀yin ẹnjiníà á ní ẹrù ńkọ́? Ẹrù kọ́ ni wàhálà. Pánẹ́ẹ̀lì tó gba mítà onígun mẹ́rin kan kì í ju kílò 13 lọ púpọ̀. 150 rẹ̀ kò wúwo tó ọgbọ̀n ènìyàn tó sanra níwọ̀nba. Atẹ́gùn ni kí ẹ bẹ̀rù. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó ń ṣí páànù ilé máa ń ti abẹ́ òrùlé afárá wọlé, á fẹ́ gbé e sókè, nọ́ọ̀tì àti bóòtì tó dè é ni kò gbọdọ̀ gbà fún un. Afárá fúnra rẹ̀ náà sì ní bó ṣe ń mì. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2000, wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Millennium ní London. Bí èrò ṣe kún orí rẹ̀, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì, bó ṣe ń fì ni àwọn èrò ń gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e kí wọ́n má bàa ṣubú, bí wọ́n sì ṣe ń gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fì sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì wọ́n tì í pa, oṣù kejì ọdún 2002 ni wọ́n tó tún un ṣí, lẹ́yìn tí wọ́n ti de ẹ̀rọ tó ń pa ìmìtìtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90 mọ́ ọn lára. Arup tó ṣe ìṣirò Kurilpa lẹ́yìn náà ló ṣe ìṣirò Millennium. Wọ́n kọ́gbọ́n. Ẹni tó bá gbé òrùlé lé afárá tó ti wà tẹ́lẹ̀ ti yí ìwúwo rẹ̀ padà, ó ti yí bí atẹ́gùn ṣe ń gbá a padà, ó gbọ́dọ̀ tún ìṣirò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn tó ń pariwo pé kí a lọ to sólà sórí gbogbo afárá Èkó láàárín ọdún kan lọ. Àwọn afárá mìíràn ti gbó, irin inú kọnkéré wọn ti ń yọjú. Ayẹ̀wò ni kó ṣáájú níbẹ̀. Èyí tó bá lè gbé òrùlé, kí ó gbé e, èyí tí kò bá lè gbé e, kí wọ́n fi òpó tirẹ̀ gúnlẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí wọ́n wó o. Ní ti èyí tí wọn kò tíì kọ́, ohun tí mo ń béèrè kéré: nígbà tí wọ́n bá ń da kọnkéré, kí wọ́n ri bóòtì tó máa di òpó òrùlé mú sínú rẹ̀, kí wọ́n gbé páìpù wáyà sínú rẹ̀, kí wọ́n sì fi àyè yàrá bátìrì sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn, bí owó pánẹ́ẹ̀lì kò bá tilẹ̀ tíì sí. Owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí kọnkéré bá ṣì tutù kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ lu ihò náà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, lórí títì tí ọkọ̀ kì í dúró, á san owó rẹ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po, á sì ní láti ti títì pa fún un.